Ohùn Bàbá Gaël Nínú Ẹ̀rọ

Fóònù Lambert dún nígbà tó ń fi ìfági fá etí pákó ìrókò kan. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé fóònù náà sétí. Ohùn ara rẹ̀ ló gbọ́.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, oníbàárà wa. Pósí. Ìrókò. Ọ̀kan. Ó ti parí. Ẹ lè wá gbé e. Ọlọ́run á jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni.

Bienvenu, àgbà àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, gbé òòlù sókè kò sì lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ohùn náà ti ta jáde kúrò nínú fóònù, gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ páànù ló gbọ́ ọ.

"Ọ̀gá, ta ló pè yín?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin lẹ pe ara yín pé kí ẹ wá gbé pósí?"

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí tábìlì kọ̀ǹpútà wà, Arnaud fò sókè bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé. "Ó ṣiṣẹ́! Bàbá, ẹ gbọ́ ọ àbí ẹ ò gbọ́? Ó ṣiṣẹ́!"

"Orúkọ ta lo fi dán an wò?" Bienvenu bi í.

"Ti Bàbá ni. Nọ́ńbà wọn ni mo mọ̀ sórí."

"O kọ orúkọ ẹni tó wà láàyè sórí pósí."

"Àdánwò ni, Bùọ̀dá Bienvenu. Mo ti pa á rẹ́."

"O pa á rẹ́ nínú ẹ̀rọ." Bienvenu tutọ́ sínú èérún igi, ó fi ẹsẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. "Nídìí iṣẹ́ yìí, kódà ọ̀mùtí tó wà láàárín wa kì í fi ẹ̀yìn kan inú pósí wò. Àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́ kò gọ̀."

Lambert fi fóònù sápò. "Ó tó," ló wí, ó sì padà sídìí pákó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfági kò jẹ igi náà bí ó ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀.

Arnaud kì í ṣe ọmọ burúkú. Òun àti Gaël, ọmọ kan ṣoṣo tí Lambert bí, ni wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Àjàṣẹ́. Nígbà tí ìjọba ní kí oníṣòwò máa fi ẹ̀rọ tẹ ìwé owó fún oníbàárà, Gaël ló sọ pé àwọn kò ní ra èyí tí ẹlòmíràn ṣe, pé òun máa ṣe èyí tó mọ bí ilé iṣẹ́ bàbá òun ṣe ń rìn. Pobè ni wọ́n ti ń kan pósí. Sakété, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ni ṣọ́ọ̀bù wà, níbi tí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Aurore ti ń gba iṣẹ́, tó sì tún ń fi àga àti àtíbàbà yá àwọn tó bá ń ṣe ìsàmì tàbí ìgbéyàwó. Ohun tí Aurore bá kọ ní Sakété, wọ́n á rí i lójú ẹsẹ̀ ní Pobè. Tí iṣẹ́ bá parí ní Pobè, ẹ̀rọ á tẹ ìwé owó, á sì pe oníbàárà.

Ìpè yẹn, Gaël ló ronú rẹ̀. "Ọ̀pọ̀ oníbàárà wa kò mọ̀wé kà, Bàbá. Ohùn ni ká fi ránṣẹ́ sí wọn. Ohùn tiyín sì ni gbogbo ará ibí mọ̀." Bẹ́ẹ̀ ni Lambert ṣe jókòó sínú yàrá tí wọ́n fi aṣọ dí fèrèsé rẹ̀, tó ń dárúkọ ohun gbogbo tó ń tà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí Gaël ń sọ pé, "Ẹ tún un sọ, ẹ má kánjú."

Kò pẹ́ sí i tí Gaël fi lọ sí Kútọnù, tí kò sì padà wá. Obìnrin kan ló pe Lambert láti ilé ìwòsàn. Kò kí i. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, kò sì le. Ó kàn ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka iye iṣu. "Ṣé ẹ̀yin ni bàbá Gaël? Ẹ wá gbé òkú yín." Lambert gbé fóònù sílẹ̀, ó fá pákó tó wà níwájú rẹ̀ tán, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ohun mìíràn tí ì bá ṣe. Bienvenu ló kan pósí náà. Òbí kì í sin ọmọ, nítorí náà Lambert jókòó sílé lọ́jọ́ ìsìnkú, ó kọjú sí ògiri. Láti ìgbà náà, ẹnì kan kò gbọ́ kí ó dárúkọ ilé ìwòsàn lẹ́nu.

Nígbà tí Arnaud wá láti sọ pé òun fẹ́ parí ohun tí ọ̀rẹ́ òun bẹ̀rẹ̀, ohun tí Lambert sọ kò ju, "Parí i," lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ àdánwò náà, Arnaud fi gbogbo rẹ̀ hàn án lójú kọ̀ǹpútà. Ibí ni orúkọ oníbàárà. Ibí ni nọ́ńbà fóònù. Ibí ni irú igi, ibí ni gígùn.

"Okùn ńkọ́?" Lambert bi í.

"Okùn wo, Bàbá?"

Ní agbègbè yẹn, ẹnì kan ṣoṣo kì í wá ra pósí. Àgbà méjì ní í wá. Wọ́n á mú okùn tí wọ́n ti fi wọn olóògbé láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n á gbé e sórí tábìlì Lambert láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Lambert kì í béèrè. Tí iṣẹ́ bá parí, yóò ká okùn náà sínú pósí, sí ibi orí, a ó sì sin ín pẹ̀lú ẹni tó ni ín.

"Gígùn rẹ̀ lẹ máa kọ síbí," Arnaud wí.

"Mo ní okùn."

Arnaud wo ojú ẹ̀rọ, ó wo ojú bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bienvenu ló gbà á sílẹ̀. "Ẹ fún un, Ọ̀gá, kó fi di ẹrù rẹ̀ lọ sí Kútọnù."

"Bí wọn kò bá sì fẹ́ dárúkọ ńkọ́?" Lambert bi Arnaud.

"Ẹ̀rọ kò ní tẹ ìwé owó tí kò lórúkọ, Bàbá."

Lambert kò fẹ́ ẹjọ́ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni mọ́ láyé. Ó pe Aurore ní Sakété. "Láti òní lọ, gbogbo ibi tí ẹ̀rọ bá bi ọ́ léèrè, kún un. Má fi ibì kankan sílẹ̀ lófìfo. Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ yín, Ọ̀gá."

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Arnaud ti ṣe é kí ìpè má máa jáde lójú ẹsẹ̀. Yóò kó wọn jọ di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ará oko bá ti dé ilé. Ohun gbogbo ń lọ dáadáa. Ó ń lọ dáadáa jù, Bienvenu wí. Ó ní nígbà tí ẹran igbó bá dákẹ́, ọdẹ kì í sùn.

Lọ́jọ́ tí Arnaud wọkọ̀ lọ sí Kútọnù láti lọ rí ìyàwó rẹ̀, Bienvenu kun pósí ìrókò kan lọ́dà tán. Láti Sakété ni iṣẹ́ náà ti wá. Awakọ̀ kan ló mú okùn rẹ̀ wá. Bienvenu gbé fóònù fífẹ̀ tí wọ́n gbé kọ́ sára òpó, ó tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó ti parí. Ẹ̀rọ náà pariwo díẹ̀, bí ẹyẹ, ó sì dákẹ́.

Oòrùn ti kọjá àtàrí nígbà tí àgbà méjì wọlé, tí wọ́n mú fìlà lọ́wọ́. Lambert mọ èyí tó ṣáájú. Anicet ni, ará Takon.

"Bàbá Gaël, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ káàbọ̀."

Wọ́n wo pósí náà, wọ́n yí i ká. Anicet fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìdérí rẹ̀. "Ó dára. Ẹ bá wa gbé e sí kọ̀rọ̀. Ó di ọ̀la kí á tó wá gbé e."

"Kò burú."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde níbí lónìí. Ìyá rẹ̀ kò tíì mọ̀." Anicet rẹ ohùn sílẹ̀. "Berthe ni, ní Takon wa níbẹ̀. Martial ọmọ rẹ̀ ni. Òun àti ọkọ̀ tó ń kó igi ló pàdé lójú ọ̀nà. A sọ fún ìyá pé ẹsẹ̀ ló kán, pé ó wà ní ilé ìwòsàn ní Àjàṣẹ́. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà. Lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú, ọmọdé kan ló sáré wọlé sọ ọ́ fún un, ó sì ṣubú lulẹ̀. Ẹni méjì la rò pé a máa sin lọ́jọ́ náà. Dókítà ní kí á má tún já irú rẹ̀ lù ú láé."

"Ta ni yóò sọ ọ́ fún un?"

"Èjìdé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ń bọ̀ láti Ita-Djèbou. Ìdájí ọ̀la ni yóò wọlé tọ̀ ọ́, tòun ti oògùn rẹ̀ àti nọ́ọ̀sì, bó ṣe yẹ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣáájú rẹ̀."

Lambert mi orí. Ó ti yí padà sídìí iṣẹ́ nígbà tó rántí ẹ̀rọ. Ó dúró.

"Nígbà tí ẹ dé Sakété, orúkọ ta lẹ fún Aurore?"

Anicet fajú ro. "Ọmọ yẹn dà wá láàmú. Ó ní kí n sọ orúkọ mi kí òun kọ ọ́ sórí ìwé pósí. Mo ní, 'Ìwọ ọmọ yìí, ta ló rán ọ sí mi?' Èmi tí mo láya, tí mo bímọ! Ẹnì kejì mi náà kọ̀ jálẹ̀. Ọmọ náà ní ẹ̀rọ kò ní gbà bí kò bá sí orúkọ. A ní kó kọ orúkọ ẹni tó ni pósí."

"Martial."

"Ta ni ì bá tún jẹ́?"

Bienvenu ti wà nídìí òpó. Ó gbé fóònù fífẹ̀ náà wá láìsọ̀rọ̀. Orúkọ: Martial. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni nọ́ńbà kan wà. Anicet gbé e jìnnà sójú, ó kà á, ètè rẹ̀ ń mì.

"Nọ́ńbà Berthe nìyí," ló wí.

Lambert pe Sakété. "Aurore, nọ́ńbà tó wà lábẹ́ orúkọ Martial, níbo lo ti rí i?"

"Ẹ̀rọ ló gbé e jáde fúnra rẹ̀, Ọ̀gá. Martial ti gba àga lọ́wọ́ wa rí, nígbà ìsàmì ọmọ rẹ̀. Fóònù tirẹ̀ ti bàjẹ́ nígbà yẹn, ó fún wa ní ti ìyá rẹ̀." Ariwo ọjà ń gba ẹ̀yìn Aurore kọjá. "Ọ̀gá, ṣé mo ṣi í ṣe ni? Ẹ ní kí n má fi ibì kankan sílẹ̀ lófìfo."

"Mo ní bẹ́ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká pa iná," Bienvenu wí. "Ẹ jẹ́ ká já wáyà rẹ̀."

"Níbí kọ́ ló ti ń pè. Kọ̀ǹpútà kan ní Kútọnù ló ń pè, Arnaud nìkan ló lè dá a dúró." Lambert ti ń pe Arnaud. Fóònù Arnaud kò lọ. Ó tún un pè. Kò lọ.

Anicet náà ń pe Flavienne, ọmọbìnrin Berthe, tó wà nílé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Kò lọ. "Ó ti pa á," Anicet wí. "Àwọn tó ń pè láti kẹ́dùn pọ̀ jù, ó ní kí ìyá má baà gbọ́."

"Ẹ̀yin ẹ gba ọ̀nà Takon lọ."

"Èmi kẹ̀? Bàbá Gaël, láti àná ni mo ti ń sá fún un. Bó bá rí ojú mi báyìí, ó ti rí i nìyẹn."

"Èmi á lọ."

Àgbà méjèèjì wò ó. Anicet gbé fìlà rẹ̀ láti ọwọ́ kan sí èkejì. "Ẹ̀yin? Bí ẹ̀yin bá yọ lójúlé ènìyàn…"

"Ohùn mi ló ń lọ síbẹ̀," Lambert wí. "Kí n bá a débẹ̀."

Sẹ́mìjàn kan gbé e lẹ́bàá ọ̀nà. Alùpùpù náà gba àárín oko ọ̀pẹ, ó já sí ọ̀nà Sakété, eruku pupa ń dìde lẹ́yìn wọn. Àwọn obìnrin tó ń yan gàrí lẹ́bàá ọ̀nà gbé ojú sókè. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kò juwọ́ sí i. Wọ́n kàn ń fi ojú tẹ̀ lé e, kí wọ́n rí ibi tí yóò yà sí. Ó ti mọ́ ọn lára tipẹ́tipẹ́. Ìyá Gaël, nígbà ayé rẹ̀, ló máa ń lọ sí ìsàmì àti ìgbéyàwó nípò rẹ̀; òun a jókòó sílé. Kò sẹ́ni tó lé e. Kò kàn sẹ́ni tó pè é.

Nígbà tí wọ́n dé etí Takon, awakọ̀ náà pa ẹ́ńjìnnì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibí ni mo ti máa sọ̀ yín kalẹ̀."

"Ilé náà ṣì wà níwájú."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ìyàwó mi lóyún."

Lambert sanwó fún un, ó fẹsẹ̀ rìn ín. Oòrùn ti ń wọ ìdí ọ̀pẹ. Lójú ọ̀nà ó tún pe Arnaud. Kò lọ.

Flavienne ń fọ ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó gbójú sókè tó rí ẹni tó ń bọ̀, ẹ̀gẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sínú omi. Ó sáré pàdé rẹ̀, ó fi ara dí ọ̀nà.

"Bàbá, kí lẹ wá ṣe níbí? Ẹ dákun, ẹ yí padà. Bí Màmá bá rí yín, a ti kú nìyẹn."

"Fóònù ìyá rẹ dà?"

"Ó wà lọ́rùn rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Ó sọ ọ́ fún un ní kúkúrú, ní ohùn ìsàlẹ̀. Ó rí i bí àwọ̀ ojú rẹ̀ ṣe ń yí padà.

"N kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀," Flavienne wí. "Láti ìgbà tí wọ́n ti ní Martial wà ní ilé ìwòsàn, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó mú un wọ ilé ìwẹ̀. Ó ní Martial máa pe òun. Bàbá, ìpè ló ń retí. Bó bá dún, kò ní jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kejì kó tó gbé e."

"Flavienne!" Ohùn àgbà obìnrin kan ti inú ọgbà wá. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́? Bó bá jẹ́ onígbèsè ni, sọ fún un pé mi ò sí nílé. Kó wò mí dáadáa kó rí i."

Lambert yí ọmọ náà ká, ó wọlé.

Berthe jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi ọsàn, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, agbọ̀n àgbàdo wà níwájú rẹ̀, ó ń he hóró rẹ̀ kúrò lára ṣìírí. Fóònù rẹ̀ wà nínú àpò aṣọ kékeré tó fi okùn gbé kọ́ ọrùn, bí àwọn arúgbó ṣe ń ṣe é kó má baà sọ nù. Ó rí Lambert. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ṣìírí àgbàdo kan, ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó tún bẹ̀rẹ̀ sí he é.

"Lambert ọmọ Ìyá Alákàrà."

"Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ kú ìnáwó ọjọ́ kìíní."

"Ìnáwó wo?"

"Ìsàmì ọmọ Martial. Mo… àga kan ló kù tí wọn kò dá padà. Mo ní kí n yà wò ó."

Berthe wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Àga kan ló gbé ìwọ Lambert láti Pobè. Ẹ kú àìríṣẹ́ṣe o, Pobè." Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kékeré kan sí i. "Jókòó. Bó o ti dúró yìí, o ń dí atẹ́gùn."

Lambert jókòó. Ojú rẹ̀ wà lára àpò kékeré náà. Flavienne dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìró nu ọwọ́ tí kò tutù mọ́.

"Wọ́n ní ẹsẹ̀ ló kán," Berthe wí, kò gbójú sókè. "Ẹsẹ̀ kò le. Èmi náà ti kán lẹ́sẹ̀ rí. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kò pè. Ẹsẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń pe ènìyàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Fóònù dún. Berthe di àpò rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ti Lambert ni. Arnaud ni. Lambert dìde, ó rìn díẹ̀ sẹ́yìn, ó sì fi Faransé bá a sọ̀rọ̀. Ó ní kó dá ìpè náà dúró. Arnaud ní inú ọkọ̀ lòun wà, pé kí òun dé ìdí kọ̀ǹpútà ná, pé òun ń bẹ̀bẹ̀, pé òun kò mọ̀. Lambert ní kó yára.

Nígbà tó padà jókòó, Berthe ń wò ó.

"Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú," ó wí, "mi ò tíì rí ẹni tó fi Faransé sọ ohun rere níwájú mi."

Lambert gbójú sókè. Ìkùukùu pupa ti bo ojú ọ̀run lápá Sakété. Adìẹ ń wọlé. Ó ń ronú pé bóyá Arnaud ti débẹ̀. Ó ń ronú pé ọkọ̀ kì í tètè rìn ní Kútọnù nírọ̀lẹ́.

Nígbà náà ni àpò ọrùn Berthe mì, tó tàn, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ìyá àgbà náà yọ ọ́. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. "Orúkọ Martial kọ́ ló wà níbẹ̀. Bí orúkọ rẹ̀ ṣe rí ni mo mọ̀." Kò tíì tẹ̀ ẹ́. Ìyanu ló jẹ́ fún Flavienne pé kò tẹ̀ ẹ́. Berthe nà án sí Lambert. "Ìwọ mọ̀wé. Gbà á. Gbọ́ ọ fún mi."

Lambert gbà á. Ó tẹ̀ ẹ́, ó fi mọ́ etí pinpin.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, oníbàárà wa," ohùn rẹ̀ wí fún un. "Pósí. Ìrókò. Ọ̀kan. Ó ti parí."

Ó ti gbọ́ ọ rí, lọ́jọ́ àdánwò, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ báyìí. Ohùn náà kò gbọ̀n, kò sì le. Ó kàn ń sọ ọ́. Ó mọ ibi tó ti gbọ́ irú ohùn yìí rí, kì í sì í ṣe lẹ́nu ara rẹ̀.

"Ẹ lè wá gbé e."

Fóònù àgbàlagbà ni, tí ohùn rẹ̀ máa ń lọ sókè. Bó ti wù kó fi mọ́ etí tó, ó mọ̀ pé ó ń jò. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe kedere. Ìró rẹ̀ nìkan ni. Ó gbọ́ ọ parí, ó pa á, ó gbé e sórí itan rẹ̀.

Berthe kò he àgbàdo mọ́.

"Ṣé ọmọ mi ni?"

"Rárá, Màmá. Òun kọ́."

"Ohùn rẹ ni mo gbọ́." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ohùn rẹ ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù mi, ìwọ alára sì jókòó síwájú mi, tí o pa ẹnu dé."

Flavienne gbé ọwọ́ lé ẹnu. Lambert la ẹnu láti sọ pé wọ́n ṣi nọ́ńbà pè ni. Irọ́ náà kò jáde. Òótọ́ náà kò sì jẹ́ tirẹ̀ láti sọ.

"Màmá…"

"Má sọ ọ́." Àgbà obìnrin náà gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè, èyí tí hóró àgbàdo ti lẹ̀ mọ́. Ó mí, ó tún mí, bí ẹni tó ń gun òkè. Flavienne ti sáré wọlé lọ mú oògùn. Berthe gbà á, ó gbé e mì pẹ̀lú omi díẹ̀, ó dá ife padà fún un. Ó di ẹ̀gbẹ́ àpótí mú. Wọ́n ń wò ó. Kò ṣubú.

"Ìwọ kọ́ ló yẹ kó sọ ọ́ fún mi," ó wí nígbà tó yá. "Flavienne kọ́, Anicet tó ń sá kiri láti àná kọ́. Ta ló ń bọ̀?"

Lambert wo Flavienne. Flavienne wolẹ̀.

"Bàbá Èjìdé," Lambert wí.

"Nígbà wo?"

"Ìdájí."

Ìyá Martial mi orí. Ó wo igi ọsàn, ó wo ẹnu ọ̀nà. "Ó dára. Kí ó bá mi níbí. Títí tí Èjìdé á fi la ẹnu, ọmọ mi kán lẹ́sẹ̀, ó wà ní Àjàṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ní i di ìdájí. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi lónìí."

Fóònù Lambert dún. Arnaud ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Bàbá, mo ti dé ìdí rẹ̀. Mo rí i pé ó ti… Bàbá, ó ti lọ."

"Mo mọ̀."

"Kí ni kí n ṣe?"

Lambert kò dìde, kò sì lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Yorùbá ló fi dá a lóhùn. "Yọ ohùn mi kúrò nínú rẹ̀. Èyí tí Gaël gbà sílẹ̀, kó o sí ibì kan fún mi, má pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n kó má pe ẹnikẹ́ni mọ́. Tí wọ́n bá ra pósí, kí ẹ̀rọ tẹ ìwé rẹ̀ kó sì dákẹ́. Kí àwọn àgbà fẹsẹ̀ ara wọn wá."

"Orúkọ ńkọ́, Bàbá? Kò ní tẹ̀ ẹ́ láìsí orúkọ."

"Kọ tèmi."

"Bàbá! Sórí pósí?"

"Lórí gbogbo wọn. Ó ti wà níbẹ̀ rí." Ó pa fóònù.

Berthe ti yọ fóònù tirẹ̀ kúrò lórí itan Lambert. Ó tẹ etí rẹ̀ títí iná ojú rẹ̀ fi kú, ó fi í sínú àpò aṣọ rẹ̀, ó so ẹnu àpò náà. Lẹ́yìn náà ni ó mú ṣìírí àgbàdo kan láti inú agbọ̀n, ó nà án sí i.

"Bó bá jẹ́ àga lo wá gbà, o ò ní lọ báyìí. He èyí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ọ tí o ń sáré jáde nílé mi."

Lambert gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ tí igi ti mọ́ lára kò mọ àgbàdo. Hóró àkọ́kọ́ fò lọ sí ẹsẹ̀ adìẹ. Berthe fi ọwọ́ tirẹ̀ hàn án bí wọ́n ṣe ń fi àtàǹpàkò tì í. Wọ́n jọ ń he é. Ilẹ̀ ń ṣú.

"Flavienne," ìyá àgbà náà pè, ohùn rẹ̀ sì gún régé. "Bó o bá ro ọkà tán, bu ti Martial sọ́tọ̀. Bó o ṣe máa ń bù ú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," Flavienne wí, ó sì wọlé lọ bù ú.